Ipè Ràímì Kò Tíì Parí

Ẹ jókòó. Mo ní kí ẹ jókòó, fóònù yín kò tíì kún. Ọmọ mi tó wà ní Èkó ló ra ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣe iná sórí ilé yìí, pé kí èmi bàbá òun lè rí fáànù fẹ́ ara. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ pé iná kì í lọ nílé Bàbá Sójà, ẹ ti sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi di gáréèjì. Ọ̀kadà mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ méjì, lọ́sàn-án gangan. N ò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba iná lọ́wọ́ mi lónìí, yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ìwọ Múfú, má wulẹ̀ fojú wá ọ̀nà. Bàbá ọlọ́mọ méjì ni ọ́, má ṣe bí ọmọ kékeré. Ìwọ lo di fóònù yẹn mú lọ́jọ́ tí a sin Ràímì ní Kuta, ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù.

Ràímì ni ọ̀rẹ́ mi. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tó ti kú. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tó pé, inú sì ń bí mi. Inú ń bí mi sí yín, inú ń bí mi sí eyín ẹnu mi, inú sì ń bí mi sí ara mi jù. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọbọ̀.

Ẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Sójà, ẹ sì rò pé ìbọn ni mo gbé kiri títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́ mi níbọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fèrè ni iṣẹ́ mi. Ẹgbẹ́ onífèrè ni mo wà. Bí àwọn ológun bá fẹ́ yan, àwa la máa ń ṣáájú. Bí àlejò ńlá bá dé, àwa la máa ń pàdé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì kú nínú wa, àwa la máa ń sìn ín dé ẹnu sàréè. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń nu fèrè fún àwọn ọ̀gá, mo sì parí rẹ̀ bí ọ̀gá gbogbo onífèrè, ẹni tí wọ́n ń pè ní bándímásítà. Ogójì èèyàn ló ń wo ojú mi kí wọ́n tó mí. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè báyìí, ogójì èèyàn á fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí atẹ́gùn bá kọjá lórí ewé àgbàdo. Lónìí, mo pe ọmọ mẹ́ta nínú ilé yìí kí wọ́n wá bá mi bu omi, ẹyọ kan ò dáhùn. Wáyà fóònù wà létí wọn.

Ilé kéwú ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn idẹ, níhìn-ín nínú ìlú Ìwó. Mo jókòó ti wàláà mi, mò ń mì síwá sẹ́yìn bí gbogbo ọmọ kéwú ti ń ṣe, ni nǹkan kan bá dún lọ́nà pápá. Àwọn ológun ló wá wá ọmọkùnrin tí wọn ó gbà síṣẹ́, wọ́n sì kó àwọn onífèrè wọn dání. Mo sáré lọ. Mo gbàgbé bàtà, mo gbàgbé wàláà. Nígbà tí mo padà dé, àáfà mi nà mí, bàbá mi náà tún nà mí lé e, torí oko kòkó ló ní lọ́kàn pé n ó jogún. Ìyá mi nìkan ló pè mí sí kọ̀rọ̀ tó bi mí pé, “Kí lo gbọ́ níbẹ̀?” Mo fi ẹnu ṣe é fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó mà dùn o. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́.” Nígbà tí mo dàgbà tó, mo bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kíkọ́ iṣẹ́. Oṣù méjì gbáko ni ọ̀gá mi fi ní kí n máa fọn ohùn kan ṣoṣo. Kì í ṣe orin o. Ohùn kan! Láti ìgbà tí a bá ti kírun àsùbá tán títí di oúnjẹ àárọ̀. Ètè mi wú bí ẹni tí oyin ta. Mo kọ lẹ́tà sílé pé mo ti ṣe tán láti padà wá sóko kòkó. Ràímì ló gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun ó bá mi fi ránṣẹ́, àfi bí mo ṣe rí i tó fi dáná sun iṣu. Mo fẹ́ bá a jà. Ó já iṣu sí méjì, ó na ọ̀kan sí mi, ó ní, “Jẹun. Ẹni tó ń sunkún ṣì ń ríran.” Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Kuta ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wá síṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì wa sì kọjú síra. Ètè tirẹ̀ kò gba fèrè rárá, nítorí náà ìlù ńlá ni wọ́n gbé kọ́ ọ láyà, ìlù tó tó àgbá omi, tí wọ́n ń lù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Awọ ẹkùn ni ẹni tó bá ń lu ìlù yìí máa ń wọ̀ sí èjìká, orí ẹkùn náà á sì wà lórí àyà rẹ̀. Ràímì ò ga púpọ̀. Bó bá gbé ìlù yẹn kọ́rùn, fìlà rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí láti iwájú. Ṣùgbọ́n bó bá lù ú, àyà yín á gbọ́ ọ kí etí yín tó gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí a ń dan nǹkan. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú la fi ń fọ idẹ, ẹfun la fi ń kun bẹ́líìtì, sítáàṣì la fi ń lọ aṣọ títí ṣòkòtò á fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá rí ìka ọwọ́ lára fèrè rẹ, o ò ní jáde lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ipè ló ń darí ayé wa. Ipè ìjí, ipè oúnjẹ, ipè iṣẹ́, ipè ìsùn. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sí gbogbo wọn. Ipè oúnjẹ, Ràímì ní ó ń wí pé, “Ẹ̀wà ti tán, omi ló kù! Ẹ̀wà ti tán, omi ló kù!” Títí dòní, bí mo bá rí ẹ̀wà, orin yẹn ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ipè kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí. Ipè ìkẹyìn ni, èyí tí a ń fọn fún òkú. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gágun tó le jù á ṣí fìlà.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín fún yín. Ẹ̀ ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ìlú wa ní Ìwó Ọlọ́dídẹ, ẹ rò pé lásán ni. Odídẹrẹ́ wà lágboolé wa nígbà yẹn. Ìgbà kan tí mo gba ìsinmi wálé, mo ń fọn ipè ìjí láràárọ̀ lẹ́yìnkùlé kí ètè mi má baà kú. Ọjọ́ mọ́kànlá péré! Ọjọ́ kejìlá, mo ṣì wà lórí ẹní nígbà tí mo gbọ́ ipè ìjí. Mo fò dìde, mo dúró ṣánṣán, mo kí ògiri ní sálúùtù. Odídẹrẹ́ ni. Ẹyẹ yẹn ò ní ètè, kò ní eyín, kò gba sátífíkéètì kankan, ó kọ́ ọ lọ́jọ́ mọ́kànlá. Ẹ̀yin tí ẹ léyín ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní gbogbo ayé nínú fóònù?

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó ọmọ ilé-ìwé méjìdínlógún jọ ní Ìwó yìí, mo kọ́ wọn. Ọjọ́ ọdún àwọn ọmọdé, bí wọ́n bá ń yan bọ̀ láti pápá, àwọn ìyá wọn á sọ igbá kalẹ̀, wọ́n á máa jó tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ Iléyá, bí a bá ti kírun tán ní yídì, wọ́n á bi mí pé, “Bàbá Sójà, àwọn ọmọ yín dà?” Ibo ni gbogbo rẹ̀ wà lónìí? Àwọn ọmọ náà ti túká, òmíràn wà ní Èkó, òmíràn wà lókè òkun. Olùkọ́ tó gba ipò mi kó àwọn fèrè sí yàrá kan, ó tì í. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì báyìí, àwọn ọmọ á máa yan tẹ̀lé orin àpótí. Àpótí ò mọ̀ bóyá ọmọ ti rẹ̀, àpótí ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ṣubú. Mo lọ bá olùkọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, “Bàbá, ayé ti yí padà.” Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún ọ, wọn ò sì ní ṣe ohun tó o wí.

Ó dáa. Òfin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí ẹgbẹ́ onífèrè bá ń yan lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rìn níwájú, tó gbé ọ̀pá gígùn olórí fàdákà, ló máa gbé ọ̀pá náà ró sókè bí orin bá tó parí. Ẹni tó ń lu ìlù ńlá á rí i, á sì lù ú lẹ́ẹ̀mejì: gbì! gbì! Nígbà yẹn ni orin tó parí. Bí ẹ ò bá gbọ́ gbì méjì yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ dákẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró, ìbáà ṣe inú odò lẹ dé. Orin tí a ò lu gbì méjì fún, orin náà ṣì ń lọ ni.

Èmi ni mo gbé ọ̀pá yẹn kí n tó di bándímásítà. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀gá ńlá wá wò wá ní bárékè. A yan kọjá níwájú wọn, ó dùn, ó gún. Ibi tó yẹ kí a ti dúró dé, a ò dúró. A yan kọjá orí pápá, a yan gba ẹnu géètì, a dá títì kọjá, a wọnú ọjà àwọn ìyàwó sójà lọ rakọrakọ. Ẹni tó gbé fèrè tó tóbi jù ki ẹsẹ̀ bọ inú igbá èlùbọ́. Ewúrẹ́ já okùn. Ìyá kan ń pariwo pé, “Ogun ti dé o! Ogun ti dé!” Orin ò sì dákẹ́, torí gbì méjì ò dún. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ọ̀gá wa pè wá jọ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun tí gbogbo bárékè mọ̀ títí dòní ni pé Ràímì ni kò rí ọ̀pá mi, pé orí ẹkùn ló fò bò ó lójú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé ìlù náà yí pápá ká nínú oòrùn. Wọ́n já àmì ipò kan kúrò lápá rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, “Ràímì Kò-dúró.” Òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín ní tiyín. N ó padà síbẹ̀.

Nígbà tí a ń darúgbó bọ̀ níṣẹ́, a sin ọ̀rẹ́ wa kan. Bí a ti ń bọ̀ láti ibẹ̀, Ràímì dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní, “Gbọ́. Bí ìwọ bá ṣáájú mi, n ó wá lu gbì méjì fún ọ. Bí èmi bá ṣáájú, wá fọn ipè ìkẹyìn fún mi. Má rán ẹlòmíràn. Ìwọ ni kó o fọn ọ́n.” Mo ní, “Mo gbọ́.” Ó ní, “Búra.” Mo búra. Ohun tí Ràímì bẹ̀ mí nílé ayé kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe mú ìbúra náà ṣẹ. Ọdún tó kọjá ni eyín iwájú mi mẹ́rin yọ tán. Ẹni tó bá ń fọn fèrè idẹ, eyín iwájú ló fi ń ti ètè lẹ́yìn. Bí kò bá sí eyín, ètè á wọlé, atẹ́gùn á sá. Ọmọ mi ní kí wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún mi. Ó dára fún ẹran jíjẹ, kò dára fún fèrè. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbìyànjú rẹ̀, eyín náà fò jáde, ó ré lu ìkòkò. Mo mọ̀ láti ìgbà yẹn pé ọ̀ràn wà. Ó yẹ kí n ti wá ẹni tí n ó kọ́. N ò wá a. Mo ń sọ pé Ràímì ò ní kú, pé ara rẹ̀ le.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán lọ́jọ́ náà nígbà tí fóònù dún. Kúdí, ọmọ Ràímì, ló ń sunkún. Ó ní bàbá òun ti lọ, wọn ó sì sin ín lẹ́yìn ìrun àìlà. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró. Bárékè tó sún mọ́ wa jù, wọ́n á ní kí a kọ lẹ́tà, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, kí onífèrè tó gbéra, ilẹ̀ ti ṣú. Mo sáré lọ sílé-ìwé, olùkọ́ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá fèrè ti sọnù. Ọmọkùnrin kan wà tó ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ó ti lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo Ìwó, ẹ gbọ́ mi o, gbogbo ìlú tó kún fún èèyàn yìí, n ò rí ẹyọ ẹnì kan tó lè fọn fèrè! Mo jókòó sórí àga yìí, mo gbé fèrè mi sẹ́nu, fùú. Mo tún un ṣe, fùú. Omi ń bọ́ lójú mi. Múfú ń kọjá, ó ní, “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, ipè yẹn wà lórí fóònù. N ó gbé ohùn rẹ̀ sókè.” Mo gbà. Èmi tí mo búra pé n ò ní rán ẹlòmíràn, mo rán fóònù.

Ọ̀kadà Múfú la gbé dé Kuta. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e wọ sàréè lẹ́yìnkùlé. Mo bá àáfà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe àdúà tán. Bí a bá ti kúrò lójú sàréè, ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín, ẹ lọ ṣe é lábẹ́ igi lọ́hùn-ún.” Ó ṣe dáadáa fún mi. Wọ́n ṣe àdúà tán, wọ́n dúró, gbogbo èèyàn kọjú sí abẹ́ igi. Mo dúró ṣánṣán, mo gbé ọwọ́ sórí. Múfú tẹ fóònù. Ipè bẹ̀rẹ̀. Lágbára Ọlọ́run, ó dára. Ó ti dé ibi tí ohùn ti ń gòkè, ibi tí èmi fúnra mi máa ń fi èémí pamọ́ dè, ni ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn bá já lù ú nínú fóònù: “Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ń dà yín láàmú? Ṣé ẹ ò lè jókòó dáadáa mọ́? Ẹ má bẹ̀rù!”

Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ rẹ́rìn-ín, àwọn ará Kuta náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ méjì bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Múfú ń tẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ dákẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lórí ọ̀rẹ́ mi. Mo pariwo mọ́ Múfú, mo bú u, mo ní orí rẹ̀ ò pé. Mo tọrọ gáfárà fún ìyẹn, Múfú, o gbé mi lọ lọ́fẹ̀ẹ́, o sì ń wá ire. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ìyá Kúdí, opó Ràímì, ò kúrò lójú kan. Ìyàwó bárékè nìyẹn, ogún ọdún ló fi gbọ́ ìlù ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn àdògán. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá Sójà, ṣé ó ti parí ni? N ò gbọ́ gbì méjì.”

Mo gun ọ̀kadà, mo padà wá sí Ìwó. Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Irọ́ ni. Ara mi le koko. Ojú Ìyá Kúdí ni mo ń sá fún.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá pẹ́ nínú àpótí, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí a yan wọnú ọjà yẹn, orí ẹkùn ò bo Ràímì lójú. Ojú rẹ̀ ríran kedere. Èmi ni n ò gbé ọ̀pá sókè. Ọmọbìnrin Ìwó kan ti wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bárékè, ó dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú gèlè pupa. Mo rí i. Mo ju ọ̀pá sókè, mo hán an. Ó pàtẹ́wọ́. Mo tún jù ú. Ìgbà tí mo rántí pé orin ń dún lẹ́yìn mi, a ti kọjá géètì. Ọmọbìnrin náà ni Sífáwù, ìyá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nígbà tí ọ̀gá bi wá pé ta ló bà á jẹ́, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, n ò purọ́, mo la ẹnu. Ràímì ti ṣáájú mi. Ó ní, “Ọ̀gá, èmi ni. Awọ ẹkùn ló bò mí lójú.” Mo bá pa ẹnu mi dé.

Nígbà tí wọ́n sọ ìlù kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, èjìká rẹ̀ bó. Mo ń fi òrí pa á fún un. Mo ní, “Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?” Ó ní, “Orúkọ rẹ ló wà lókè nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ rán lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gá. Ìlù ńlá ò ní ibi tó ń lọ. Ìwọ lọ.” Mo lọ. Mo kọ́ṣẹ́, mo di bándímásítà, ogójì èèyàn ń wo ojú mi. Ràímì wà nínú ogójì yẹn, ó ń pè mí ní ọ̀gá. Wọ́n ń pè é ní Kò-dúró níwájú mi, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sọ ọ́, bí a tiẹ̀ jà. Èmi náà ò sọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ni ọlọ́ṣà yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ogójì, n ó lọ sí Kuta. Bí àdúà bá parí, n ó dìde láàárín gbogbo èèyàn, n ó sọ ẹni tó gbé ọ̀pá àti ẹni tí kò gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ipè ìkẹyìn á dún, láti ẹnu èèyàn tó ní èémí. N ó gbé ọwọ́ sókè bó ṣe yẹ kí n ti gbé e nígbà yẹn, èmi fúnra mi ni n ó sì lu gbì méjì náà. Mo ti yá ìlù. Ìlù wà. Ta ni yóò fọn fèrè? Ẹni mẹ́ta ló ti wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilé-ìwé gíga, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun ya òun ní fọ́tò, n ò sì rí i mọ́. Èkejì ní ètè ń dun òun lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, ẹ gbà mí, ó yí fèrè síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé, “Bàbá, níbo ni wọ́n ti ń tàn án?”

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ yọ fóònù yín, ó ti kún. Ẹ máa lọ, àwọn èrò ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ àròyé àgbà.

Múfú, kí ni ìwọ ń dúró ṣe? Láti àárọ̀ ni fóònù tìrẹ ti kún, mo rí i. Àná náà ó kún, o jókòó síbẹ̀. Lójoojúmọ́ láti ìgbà tí a ti Kuta dé ni ò ń gbé fóònù tó kún wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

Sún mọ́ bí. Ya ẹnu rẹ, jẹ́ n wo eyín. Hẹn-ẹ́n. Ó pé. Gba fèrè yìí. Má fi ìka pa á lára, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dan án. Jókòó dáadáa, na ẹ̀yìn. Fún ètè pọ̀. Fa èémí láti ìsàlẹ̀ ikùn, kì í ṣe láti ọ̀fun. Ohùn kan ni mo fẹ́, ohùn kan ṣoṣo. Ó yá, fọn ọ́n.

Ó burú. Ó burú jáì.

Tún un fọn.